Ibi Tí Omi Ìwẹ̀ Ń Gbà Lọ

N kì í wọ yàrá tí kò ní fèrèsé. Bí wọ́n bá pè mí sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí, màá ní mo fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí kì í bi mí ní ìdí rẹ̀ mọ́.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń bá obìnrin kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní sípáà. Ọ̀sán ni àwọn èèyàn máa ń wá síbẹ̀, a ó fi omi gbígbóná wẹ̀ fún wọn, a ó fi òróró wọ́ wọn lára, a ó fi ooru bò wọ́n, wọn a sì padà sílé wọn. Àwa méjì là ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, èmi àti ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi díẹ̀. Iná kì í dúró. Olè ti gbé jẹnẹrétọ̀ kan lọ níta rí, nítorí náà ọ̀gá wa ní kí a máa tan èyí tuntun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, kí a sì pa ilẹ̀kùn ìta dé. A pa á dé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, oníbàárà tó wà lọ́wọ́ wa sì ní òtútù ń mú òun, a bá pa fèrèsé náà dé. Ohun tí mo rántí gbẹ̀yìn ni pé orí ń fọ́ mi, mo sì jókòó sórí àpótí pé kí n sinmi díẹ̀.

Nígbà tí mo la ojú, àjà ilé ìwòsàn ni mo rí. Wọ́n ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ló kún yàrá náà. Oníbàárà náà yè. Èmi náà yè. Ẹnìkejì mi, tí a jọ jẹ mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò yè.

Àwọn èèyàn wá ń kí mi, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire." Èémí mi ni mò ń wò. Mo fi ọwọ́ lé àyà mi, ó gbéra, ó sì sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò bẹ̀ ẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ti lo ogójì ọdún ó lé láyé láìkíyèsí i.

Ó pẹ́ kí n tó lè ṣiṣẹ́ padà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo lọ, níbi tí wọ́n bí ìyá mi sí. Oníwèé mẹ́wàá ni mí, iṣẹ́ ìwẹ̀ yìí nìkan ló sì wà lọ́wọ́ mi. Mo gba ilé kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọjà Igbó, ó ní àgbàlá lẹ́yìn, ó sì ní kànga. Kí n tó gbé ẹrù mi wọlé, mo bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú kan: iná kankan kò ní jó nínú ilé náà, èéfín kankan kò sì ní wọ ibẹ̀. Ooru tí a fi ń bo èèyàn ní Ọ̀yọ́, mo fi í sílẹ̀. Gbogbo yàrá ni mo fọ́ ògiri rẹ̀, fèrèsé méjì méjì.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá sípáà láti fi omi tútù wẹ̀? Ọkùnrin púlọ́ńbà kan tó ń ti Iresa wá ló dá mi lóhùn ìbéèrè yẹn. Ó gbé dúrọ́ọ̀mù méjì sórí òrùlé mi, ó fi ọ̀dà dúdú kùn wọ́n, ó sì ká rọ́bà omi dúdú gígùn sórí páànù bí ìgbà tí òjòlá bá ká jọ. Ó so pátákó sólà mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga. Ó ní kí n dúró de ọ̀sán.

Nígbà tí oòrùn kọjá àtàrí, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì tètè fà á yọ. Ó gbóná ju ohun tí mo lè dà sí èèyàn lára lọ. Kò sí ariwo, kò sí èéfín. Mo gbé omi náà sún mọ́ imú mi, mo ń gbóòórùn rẹ̀ wò.

"Ìyá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?" ni púlọ́ńbà náà wí.

Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń rùn.

"Oòrùn kì í rùn, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀."

N kò bá a rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo omi tó ń sun láìsí ẹnikẹ́ni tó koná sí i. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í gba oníbàárà kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Nígbà ọyẹ́, omi náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, mo máa ń sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn kan bínú lọ. Ó mọ́ àwọn tó dúró lára.

Àwọn nǹkan mìíràn rọrùn. Mo fi ike àlòsọnù sílẹ̀, inú ìgò ni mò ń rọ òróró sí, àwọn oníbàárà sì ń dá ìgò náà padà. Kànrìnkàn oníkálukú, òun ló ń mú un bọ̀ láti ilé, òun ló sì ń mú un padà lọ. N kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn, nítorí pé kò sí ẹni tó jẹ́ fi kànrìnkàn tó fi ha ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn nílùú wa. N kò ronú pé ohun tó kan kànrìnkàn lè kan omi pẹ̀lú. Àṣìṣe mi nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílùú.

Omi ìwẹ̀ mi ń ṣàn gba gọ́tà iwájú ilé. Ààfáà kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lábẹ́ igi máńgòrò ní òdìkejì, ọwọ́ ọ̀dọ̀ wọn ni gọ́tà náà sì kọrí sí. Ó wá bá mi ní ọjọ́ kan, ó dúró níta.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Oníwẹ̀."

"Ẹ ṣé, Ààfáà. Ẹ wọlé."

"Ibí náà tó. Omi yín ló ń bá wa ka kéú. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nísinsìnyí ó ń hó, àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ gbọ́n ìfófòó rẹ̀, wọn ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn sì dé, kànga mi fà sísàlẹ̀, okùn tí a fi ń wọn ọ́n ń gùn sí i lójoojúmọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mò ń fa omi láti inú ilẹ̀, mo ń dà á sí gọ́tà ẹlòmíràn, ilẹ̀ sì ti ń sọ fún mi pé òun fẹ́ omi òun padà.

Púlọ́ńbà náà tún dé. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó gùn bí sàréè àgbà méjì tí a gbẹ́ tẹ̀ léra, n kò fẹ́ràn láti máa wò ó. Ó tẹ́ ọ̀rá nínípọn sí i, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó da èédú, ó da iyanrìn. Lẹ́yìn náà ó lọ sí etí odò kan lọ́nà Iresa, ó hú ìdò wá, ìyẹn igi eléwé gbàràgbàrà tó ní òdòdó pupa, tí èso rẹ̀ dúdú tó sì le kóńkó. Ó ní omi ìwẹ̀ yóò wọlé ní orí kan, yóò máa rìn lábẹ́ òkúta níbi tí ojú kò ti rí i, gbòǹgbò ìdò yóò máa gba ìdọ̀tí rẹ̀, yóò sì jáde ní orí kejì bọ́ sínú táńkì sìmẹ́ǹtì tó wà nínú ilẹ̀. Omi yẹn ni a ó máa fi fọ ilẹ̀, fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí a sì fi bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Kò tó oṣù kan tí gbogbo ìdò náà fi kú. Púlọ́ńbà wò wọ́n, ó wọlé lọ wo ìgò ọṣẹ aláwọ̀ mèremère tí mo tò sórí pẹpẹ, ó jáde.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ pa wọ́n."

Kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe nínú mi. Bí ìdò kò bá lè mu ohun kan kí ó yè, kí ló dé tí mo fi ń pa á mọ́ ara èèyàn? Mo kó gbogbo ìgò náà kúrò. Ọṣẹ dúdú ni mo padà sí, àti àdí àgbọn, àti osùn, àti òrí tí mò ń rà ní Ọjà Igbó. A gbin ìdò mìíràn. Wọ́n mú ilẹ̀. Nígbà tí òjò dé, wọ́n ti ga jù mí lọ.

Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde ní orí kejì, mo fi àwo funfun gbà á. Òdòdó tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ àwo náà hàn kedere. Mo ti rí omi yẹn nígbà tí ó ń wọlé. Mo rí i tí ó ṣókùnkùn, tí ó ní òróró àti ìdọ̀tí ara obìnrin mẹ́fà. Mo gbóòórùn rẹ̀, bí mo ṣe ń gbóòórùn ohun gbogbo. Ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni ó ń rùn.

"Kì í ṣe mímu o," ni púlọ́ńbà wí.

Mo ní mo mọ̀. Mo ṣáà di àwo náà mú, n kò fẹ́ dà á nù.

Nítorí pé èmi kì í fi ohun kankan sílẹ̀ fún ewu, mo ní kí ó fi pẹpẹ sìmẹ́ǹtì bo táńkì náà, kí ó ṣe ìdérí onírin sí i, mo sì fi àgádágodo tì í. Àwọn ọmọ kéú ń ju bọ́ọ̀lù sínú àgbàlá mi, n kò fẹ́ kí ọmọ kankan kó sínú omi. N kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń ṣàlàyé kòtò omi?

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ oníbàárà dá. Ẹni tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ní ara òun kò yá. Ẹnìkan ní òun rin ìrìn àjò, mo sì rí i lọ́jà ní ọjọ́ kejì. Ààfáà ló jàjà sọ ọ́. Ó wọlé lọ́jọ́ náà, ó jókòó, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́, kò kà á.

"Ìyá Oníwẹ̀, kí lẹ tì mọ́ inú ilẹ̀?"

"Omi ni, Ààfáà."

"Omi wo?"

"Omi tí wọ́n fi wẹ̀."

Ó ká tẹ̀sùbáà náà sọ́wọ́. "Ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn. Mo ní irọ́ ni."

Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Nílùú wa, omi tí aboyún, abiyamọ tàbí ìyàwó tuntun bá fi wẹ̀, ẹnìkan kì í gbà á pamọ́. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń da omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ mi nù, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo mọ gbogbo èyí ni mo gba omi ara obìnrin ìdajì ìlú jọ, tí mo tì í mọ́ inú sìmẹ́ǹtì, tí mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Wọ́n ní mò ń fi í ṣe oògùn owó.

Mo mọ ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe kí ọlọ́pàá tó dé. Mo di aṣọ mẹ́ta sínú báàgì, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá parí bẹ́ẹ̀, n ó padà sí Ọ̀yọ́.

Ìyá Olóòrí ló kọ́kọ́ dé. Òun ni mò ń ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Igbó, kò sì sí obìnrin kan láàárín ibẹ̀ sí Sábó tí kì í gbọ́ tẹnu rẹ̀. Yìgì ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ti sọ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ pé èmi ni n ó fi osùn wẹ̀ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Mo rò pé ó wá sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe mọ́ ni. Ó mú ọmọ náà lọ́wọ́, ó mú àpótí ìjókòó tirẹ̀ bọ̀. Àwọn obìnrin méjì tẹ̀ lé e.

"Ìyá Oníwẹ̀, mo gbọ́ nǹkan. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó ń ra òrí mi kò ṣe irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ibo ni omi rẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

"Ẹ má fi hàn mí. Ẹ wẹ̀ fún un. Èmi ni n ó wò ó."

Mo ṣí àgádágodo náà, mo gbé ìdérí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi osùn ra ọmọ náà láti ọrùn dé ẹsẹ̀, mo ṣàn án nù. Omi pupa bíi ẹ̀jẹ̀ gba ihò ògiri jáde. Ìyá rẹ̀ jókòó síbi tí omi náà ti wọlé, ó rí i tí ó rì sáàárín òkúta. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó ní orí kejì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán bọ́ sínú táńkì. Ó mọ́ gaara.

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ́ ẹ̀rín tó dùn.

"Èyí kì í ṣe omi ọmọ mi. Bí mo bá rọ òrí sínú kèrègbè tó ti kún, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ṣàn. Mo ti ń tajà kí n tó bí i, ẹ má fi mí ṣe ọmọdé."

Òótọ́ ló sọ. Púlọ́ńbà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, pé omi òní ló ń ti omi ìjẹta jáde. Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ìdákẹ́jẹ́ gbé mi dé.

"Òtítọ́ lẹ sọ. Ti ọmọ yín á jáde ní ọ̀tunla."

"Pupa ni yóò jáde àbí funfun?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò tíì da osùn tó pọ̀ tó báyìí sí i rí."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó bá a wá mí kanlẹ̀. Ìyá Olóòrí gbé àpótí rẹ̀. "Ó dáa. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀, a lè dúró dè é."

Ọjọ́ méjì ló dúró dè é. Ní ọjọ́ kejì a tún wẹ̀ fún ọmọ náà, pupa tún wọlé, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í títí oòrùn fi yí. Ó ní àwọn tó ń ra òrí lè dúró. Èmi kò lè jókòó. Mo ń rìn láàárín fèrèsé kan sí èkejì. Bí pupa bá jáde ní orí kejì, kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ni yóò gbọ́ nípa gbòǹgbò?

Ní ọjọ́ kẹta, a wẹ̀ fún un ní ìgbà ìkẹyìn. Gbogbo wa dúró létí táńkì, títí kan ààfáà, tó ní bọ́ọ̀lù lòun wá mú. Omi ń kán. Ó mọ́. Ó ń kán, ó mọ́. Òjìji ewé ìdò ń mì lórí rẹ̀. Mo gbàgbé ìbẹ̀rù mi, nítorí pé mo mọ iye osùn tí mo lò, ọwọ́ mi ṣì pupa dé ìgúnpá.

"Ó gbé osùn náà lọ síbo?" ni Ìyá Olóòrí bi mí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Mo lọ sí orí àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nísàlẹ̀ wọn, lórí iyanrìn, ni osùn náà tẹ́ sí, ó tutù, ó jọ ilẹ̀ ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ pa. Gbòǹgbò ìdò funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìyá Olóòrí bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó fi ìka méjì rẹ̀ rún un.

"Kò lọ ibì kankan," ni ó wí.

"Kò lọ ibì kankan."

"Ó wà nínú ilẹ̀, bí ibi ọmọ ṣe ń wà nínú ilẹ̀." Ó dá osùn náà padà, ó fi òkúta bò ó, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó dìde, ó di eékún mú. "Omi gbígbóná ṣì wà lórí òrùlé yẹn?"

Mo ní ó wà.

"Ẹ pọn ọ́n fún mi. Ìyá ìyàwó náà ní ara."

Ó wọ yàrá lọ. Mo da omi fún un, mo fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀, mo gbé àwo òrí tì í. Kò pẹ́ tí mo jáde ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Ìyá Oníwẹ̀, òrí wo lẹ fi ń pa èèyàn lára níbí? Ó ní òórùn kan."

"Èyí tí mo rà lọ́wọ́ yín ni."

Mo gbọ́ omi tó dà sílẹ̀, mo gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì.

"Òórùn náà dára," ni ó wí.

Àwọn obìnrin méjì náà ti jókòó sórí pẹpẹ táńkì, wọ́n ti tú gèlè, wọ́n ń jiyàn nípa ẹni tí yóò tẹ̀ lé e.